Ẹ Bi Wá Léèrè: Kọ̀ǹpútà àti Àkọsílẹ̀ ní Láàbù Ìṣègùn

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, tàbí tí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ kúrò nínú rẹ́jísítà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Méje la mú nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láàbù mi ń gba bí ogójì aláìsàn lójúmọ́. Rẹ́jísítà mẹ́ta la ní: ti ẹ̀jẹ̀, ti kẹ́mísírì, àti ti kòkòrò àìsàn. Mo ti kó owó kọ̀ǹpútà jọ. Ẹ̀rọ ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí sọ́fítíwéà? — Onílé àyẹ̀wò kan, Ìbàdàn

Ẹ má tíì ra ìkankan. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí rẹ́jísítà mẹ́ta bá ń ka nọ́ńbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni mẹ́ta ló máa jẹ́ nọ́ńbà 12 lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá kó wọn sínú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) ẹnìkan á bọ́ sórí èsì ìtọ̀ ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ohun tí ẹ bá kó fún un ló máa tọ́jú, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà tó dán, tí gbogbo ayé á fi gbà á gbọ́ ju ìwé àfọwọ́kọ lọ.

Nọ́ńbà méjì ni aláìsàn kọ̀ọ̀kan nílò. Èkíní ni nọ́ńbà ẹni: ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ló máa gbà á, kì í sì í yí padà mọ́. Èkejì ni nọ́ńbà àyẹ̀wò, tó máa ń gba tuntun nígbàkígbà tó bá wá. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà ni kó máa fún wọn ní méjèèjì, kí tábìlì kankan má ṣe dá nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà àyẹ̀wò gbé ọjọ́ sára: 260314-017 ni ẹni kẹtàdínlógún tó wá lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2026. Ẹ máa kọ 017, ẹ má kọ 17 lásán, torí bí kọ̀ǹpútà bá ń to nọ́ńbà bí ẹni to ọ̀rọ̀, á gbé 100 ṣáájú 17. Nọ́ńbà kan náà yìí ló gbọ́dọ̀ wà lára fọ́ọ̀mù, lára ìgò ẹ̀jẹ̀, nínú rẹ́jísítà àti lórí èsì. Ara ìgò gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìdérí, torí ìdérí máa ń dà pọ̀ lórí tábìlì nígbà iṣẹ́. Kí aláìsàn tó dìde lórí àga ni kí ẹ sì kọ ọ́.

Ìdí tí orúkọ nìkan kò fi tó kò ṣòroó rí nílẹ̀ wa. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọ wá lọ́jọ́ kan: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn kan náà. Bí wọ́n bá tún jẹ́ ọkùnrin méjèèjì, orúkọ ìbejì nìkan ló kù tó yà wọ́n, akọ̀wé tó ń kánjú sì lè kọ “T. Adéyẹmí” níbi tó yẹ kó kọ K. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo pàápàá máa ń wọlé lóríṣiríṣi: Fọláṣadé, Ṣadé, Sade, Shade. Bí akọ̀wé bá fi “Shade” wá ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní “Folasade” lọ́dún tó kọjá, kò ní rí i, á sì fún un ní nọ́ńbà ẹni tuntun. Ènìyàn kan ti di méjì nìyẹn, èsì rẹ̀ àtijọ́ ò sì ní sí níwájú yín nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ni kí akọ̀wé kọ́kọ́ máa fi wá ènìyàn, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, kó tó kan orúkọ.

Àwọn nǹkan tó kù tó gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀: ọkùnrin tàbí obìnrin, dókítà tó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, irú ohun tí wọ́n gbà (ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́), àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́, èsì, ìwọ̀n tí wọ́n fi kà á, orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ orí ọmọ tuntun, ọjọ́ ni kí ẹ fi kà á, nítorí PCV tó bójú mu fún ọmọ ọjọ́ méjì kọ́ ló bójú mu fún ọmọ ọdún méjì. Aago mẹ́ta ni kí ẹ sì kọ: ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ìgbà tó dé láàbù, ìgbà tí èsì jáde. Àwọn ènìyàn máa ń fo aago àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò sí nínú ìgò fluoride (tó ní kẹ́míkà tó ń tọ́jú ṣúgà), tí wọn ò sì tíì yí nínú ẹ̀rọ, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń dín ní nǹkan bí ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èsì ṣúgà tí kò ní aago, ẹ ò lè dá a láre, ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi.

Ẹ fi rẹ́jísítà tuntun kan ṣoṣo dán ètò yìí wò fún oṣù kan. Bí nọ́ńbà kò bá dàrú, ẹ lè lọ ra kọ̀ǹpútà wàyí.

Excel ni à ń lò níbi iṣẹ́ wa. Nọ́ńbà fóònù ń pàdánù òdo iwájú. Mo tẹ “2-4” fún èsì ìtọ̀, ó di ọjọ́ inú oṣù. Ṣé Excel wa ti bàjẹ́ ni? — Òṣìṣẹ́ láàbù, Abẹ́òkúta

Kò bàjẹ́. Ohunkóhun tó bá jọ iye ni Excel máa ń sọ di iye, ohunkóhun tó bá jọ ọjọ́, á sọ ọ́ di ọjọ́. Ohun tó ṣe 0803 tó fi di 803 nìyẹn. “2-4” tí ẹ kọ fún pus cells (sẹ́ẹ̀lì ọyún inú ìtọ̀) á di 2-Apr tàbí 4-Feb, bí ètò ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà yín bá ṣe rí. Widal, àyẹ̀wò ibà táífọ́ọ̀dù, ló léwu jù: ẹ tẹ 1/80, ó di Jan-80, ṣùgbọ́n 1/160 á dúró bó ṣe wà, torí kò jọ oṣù àti ọdún. Ẹni tó bá yẹ ojú ewé náà wò á rò pé díẹ̀ ló bàjẹ́.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun ni ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe: ẹ mú gbogbo òpó (column) náà, ẹ lọ sí Format Cells, ẹ yan Text. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn tó ti yí padà, Jan-80 ò ní padà di 1/80. 29221 ló máa dà, ìyẹn iye ọjọ́ tí Excel kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900. Èsì ti lọ nìyẹn, inú rẹ́jísítà nìkan lẹ ti lè rí i padà.

Ewu kejì ni títo orúkọ ní A dé Z. Bí ẹ bá mú òpó orúkọ nìkan tí ẹ sì tò ó, orúkọ á ṣí kúrò, èsì á dúró síbi tó wà, gbogbo aláìsàn á sì gba èsì ẹlòmíràn. Excel máa ń béèrè bóyá kó mú àwọn òpó tó kù mọ́ ọn. Ẹni tó ń kánjú máa ń tẹ èyí tí kò yẹ. Ẹ mú gbogbo àkọsílẹ̀ náà, ẹ tẹ Ctrl+T kó di Table. Láti ìgbà náà lọ, ìlà kọ̀ọ̀kan á máa rìn pọ̀.

Excel tún ní ibi tó parí sí. Fáìlì àtijọ́ tó ń jẹ́ .xls kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ; .xlsx gba 1,048,576. Ní England lóṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ọdún 2020, èsì Kòrónà 15,841 ni kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn rí, torí pé fáìlì .xls ni wọ́n ń dà á sí, tí ìlà rẹ̀ sì ti kún.

Èrò tiwa ni pé kí ẹ fi Excel ka iye àyẹ̀wò oṣooṣù àti kẹ́míkà tó kù nínú fíríìjì. Ẹ má fi í ṣe ilé èsì aláìsàn. Ẹnikẹ́ni ló lè yí 3.2 padà sí 5.2 nínú rẹ̀ láìsí àmì kankan.

A tẹ genotype AA fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ AS, ó sì ti gba ìwé rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí n pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí n tẹ òmíràn. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. — Ẹnìkan láti Òṣogbo

Ẹ má pa á rẹ́. Ìwé genotype ni tọkọtaya máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Bóyá ó ti fi han àfẹ́sọ́nà rẹ̀ báyìí. Bí ìwé AA bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yín sì ń sọ pé AS lẹ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ lẹ pa mọ́ ọn.

Ẹ pè é lónìí. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tuntun, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti mọ̀ dájú pé AS ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ sì kà á. Ìwé tuntun gbọ́dọ̀ ní àkọlé “ÈSÌ TÍ A TÚN ṢE”, kó sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ jẹ́, ohun tó jẹ́ báyìí, ọjọ́, aago àti ẹni tó tún un ṣe. Nínú rẹ́jísítà, ìlà kan ṣoṣo la máa ń fà sórí àṣìṣe kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà, a ó wá fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwéà tó bá gbà kí ẹ kọ tuntun bo ti àtijọ́ láìsí ipa, kò yẹ láàbù.

Ẹ tún yẹ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e wò. Bí ìlà kan bá yẹ̀ nígbà títẹ̀, ti ẹnìkejì sábà máa ń yẹ̀ pẹ̀lú. AS tiẹ̀ lè wà tí ẹlòmíràn ń gbé kiri tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ genotype. Ẹ ṣe é kí kọ̀ǹpútà gbé AA, AS, SS, AC, SC àti CC kalẹ̀ kí wọ́n yan ọ̀kan. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ́ ni kó fọwọ́ sí i. Bí ẹni náà bá ti ṣe é rí, kí èsì àtijọ́ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí kọ̀ǹpútà sì kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ jáde bí méjèèjì bá takora. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn? Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó ṣì ń yí lára ẹni tó jẹ́ SS lè mú kó dà bí AS, kò sì sí bí ẹni tó ń ka àyẹ̀wò náà ṣe máa mọ̀ bí kò bá sí lákọsílẹ̀.

A ra ẹ̀rọ FBC (tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) tó ní ihò wáyà lẹ́yìn. Ṣé lóòótọ́ ni pé èsì lè wọ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀? — Ìjẹ̀bú-Òde

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ihò náà bá ní eyín mẹ́sàn-án, RS-232 ni. Kọ̀ǹpútà òde òní kì í sábà ní in, torí náà ẹ máa ra wáyà tó ń sọ ọ́ di USB. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá ASTM ni ẹ̀rọ náà ń sọ tàbí HL7, àwọn èdè tí ẹ̀rọ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rí i pé ìyára méjèèjì bára mu: bí ẹ̀rọ bá wà ní 9600 tí kọ̀ǹpútà wà ní 19200, àmì tí kò nítumọ̀ lẹ máa rí.

Wáyà kọ́ ló máa ń dá wàhálà tó burú jù sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní òǹkà tirẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 láràárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ nọ́ńbà àyẹ̀wò yín sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gba “7”, á sì wá ẹni tó bá pàdé fún un. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ka báákóòdù. Bíi kíbọ́ọ̀dù ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kàn máa tọ́ ọ sára ìgò ni. Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ooru nìkan kọ̀wé sí lára máa ń ṣá nínú oòrùn àti ooru. Ohun tí ẹ bá máa tọ́jú pẹ́, èyí tó ń lo ríbọ́ọ̀nù ló sàn fún un.

Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú. Haemoglobin 125 g/L ni 12.5 g/dL. Ṣúgà tó bá jẹ́ mg/dL, ẹ pín in sí 18 kó tó di mmol/L; creatinine mg/dL, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 88.4 fún µmol/L. Kí ẹ tó gbára lé wáyà náà, ẹ mú èsì ogún tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi wé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Iná ò dúró níbí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí iná lọ tó sì dé, gbogbo èsì àárọ̀ ọjọ́ náà gbé ọjọ́ ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. — Ṣakí

Bátìrì kékeré tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ti kú, èyí tó rí roboto bí owó ẹyọ, tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Òun ló ń tọ́jú aago nígbà tí iná ò bá sí. Owó kékeré ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fi aago kọ̀ǹpútà wé ti fóònù láràárọ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Èsì tó ti gba ọjọ́ òdì, ẹ tún wọn ṣe lọ́nà tí a sọ fún ará Òṣogbo, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) wà kí ẹ lè ráyè tọ́jú iṣẹ́ kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ ni, kì í ṣe kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ títí iná á fi dé. Ẹ má fi printer laser tàbí ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ sára rẹ̀. Iná tí wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan náà á mú kó pa. Láàbù kékeré tó bá lo láptọ́ọ̀pù ti ní UPS tirẹ̀ nínú.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà. Ẹ yọ fláàṣì lẹ́yìn tí ẹ bá dà á tán. Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé, wọ́n á jọ lọ ni. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí ẹ̀dà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ wá èsì márùn-ún jáde, ẹ fi wé ìwé. Ẹ̀dà tí ẹ ò ṣí wò rí, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀.

Èyí ò yọ àwọn ńlá sílẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn ti kọ̀ǹpútà Synnovis pa, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọsibítù King's College àti Guy's and St Thomas' ní London, lágbègbè tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Wọ́n sún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n sì ń bẹ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ O pé kí wọ́n wá fi tọrẹ, nítorí wọn ò lè máa bá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wé ti olùtọrẹ kíákíá mọ́.

Torí náà, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù ọjọ́ àìsí-kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ sì ya nọ́ńbà 901 sí 999 sọ́tọ̀ fún un lójoojúmọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá padà, wọ́n á rọrùn láti dà wọlé láìkọlu èyí tó ti wà. Kí ẹnìkan máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹnìkejì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé a lè fi èsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Ìyàwó ẹnìkan sì ń bẹ wá pé ká fún òun ní ti ọkọ òun. — Adó-Èkìtì

Nọ́ńbà tí aláìsàn fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù nìkan, tó sì fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. PDF ni kí ó jẹ́, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí orúkọ ẹlòmíràn wà lókè rẹ̀. Ẹ má kọ irú àyẹ̀wò sí orúkọ fáìlì; nọ́ńbà àyẹ̀wò ti tó. Fóònù láàbù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Èsì HIV, ojúkojú ni.

Ní ti ìyàwó náà, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé kí ọkọ rẹ̀ wá, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí aláìsàn ni, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó nílò ìṣọ́ra jù. Ìdí sì nìyí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Bí gbogbo yín bá ń lo ẹyọ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí èsì bá jò, kò sẹ́ni tó máa mọ ọwọ́ ẹni tó ti jò.

Sọ́fítíwéà wo la lè rí lọ́fẹ̀ẹ́? Ìgbà wo la sì lè kó rẹ́jísítà dànù? — Ògbómọ̀ṣọ́

Mẹ́ta ló wà tí ẹ lè wò. BLIS, tí àwọn ará yunifásítì Georgia Tech ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú CDC, àjọ ìlera ibẹ̀, fún àwọn láàbù Áfíríkà, lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàbù kékeré, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. OpenELIS àti SENAITE lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú láti gbé wọn kalẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwéà náà. Owó ẹni tó máa tún un ṣe nígbà tó bá dákú kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ ní kó jókòó, kó kó gbogbo èsì jáde sínú fáìlì tí ẹ lè ṣí níbòmíràn, lójú yín. Bí kò bá lè ṣe é, ọjọ́ tí ìjà bá dé lẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni èsì yín wà. Ẹ ní kó tún èsì kan ṣe, kó wá fi ti àtijọ́ hàn yín. Ẹ fa wáyà iná yọ nígbà tó ń tẹ̀wé, kí ẹ wo ohun tó kù.

Rẹ́jísítà, ẹ má tíì kó o dànù. Ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Lálaalẹ́, ẹ ka iye aláìsàn inú ìwé àti iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹni kankan ò gbọdọ̀ relé kí ẹ tó rí èyí tó sọnù. Ẹ fi èsì mẹ́wàá wéra lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta náà bá pé, tí ọjọ́ ọgbọ̀n tó gbẹ̀yìn kò sì ní ìyàtọ̀ kankan, ẹ lè dáwọ́ kíkọ dúró. Àwọn rẹ́jísítà àtijọ́, ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin sára ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ikán ò lè dé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ láàbù ìṣègùn ní Nàìjíríà, kí ẹ tó jó ẹyọ kan.